Géèmù Ọlọ́gbọ́n Àtijọ́ Ni Ó Yẹ Ọ̀dọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bá rí bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń sáré lé géèmù orí kọ̀ǹpútà àti ti orí fóònù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí wọ́n sì ń fi èyí tí ó ti wà láti ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún ṣẹ̀sín. Aṣọ ni géèmù tuntun fi ń yangàn: àwòrán rẹ̀ ń dán, ariwo rẹ̀ sì ń dún bí àrá. Ṣùgbọ́n géèmù àtijọ́ ní àkísà, èyíinì ni pé ó ní ìrírí. A ti dán an wò, a sì ti mọ ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà. Èrò tèmi, tí mo fẹ́ kí ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ gbé yẹ̀ wò, ni pé bí ọ̀dọ́ yóò bá ta géèmù rárá, àwọn géèmù àtijọ́ tí ó jẹ mọ́ ètò ogun àti ìrìn-àjò ní ilẹ̀ àròsọ ni ó dára jù fún un. Ìdí pàtàkì tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: àwọn géèmù wọ̀nyí a máa dúró de ènìyàn, wọn kì í lé ènìyàn.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ ni yóò fa ojú ro bí wọ́n bá ka ohun tí mo kọ yìí. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí pé èmi náà ti wà lára wọn rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé lọ́dọ̀ mi ní ọdún tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Géèmù kan wà lórí fóònù rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ó sinmi. Bí ó bá ń jẹun lọ́wọ́, fóònù á dún pé ọ̀tá ti wọ ìlú rẹ̀. Bí ó bá ń kàwé, á tún dún pé bí kò bá yọjú láàárín wákàtí kan, ẹ̀bùn ọjọ́ náà ti bọ́. Ní ọjọ́ kan, mo fún un ní owó kí ó lọ ra ìwé tí wọ́n kó ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá jọ sí. Ìwé kò wọlé, owó kò sì padà wá. Nígbà tí mo bi í léèrè títí ni ó jẹ́wọ́ pé òun ti fi owó náà ra òkúta iyebíye inú géèmù, kí ilé tí òun ń kọ́ níbẹ̀ lè tètè parí. Òkúta tí kò ṣeé fi ọwọ́ kàn, tí kò sì ṣeé tà padà! Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì búra pé géèmù kò gbọdọ̀ wọ inú ilé mi mọ́.

Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, mo bá ọmọ yìí nídìí kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan tí mo ti pa tì. Géèmù náà ni ó tún ń ta. Mo ti na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ náà nígbà tí mo rí i pé ìwé àjákọ àti pẹ́ńsù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ó ń ṣe ìṣirò. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wò ó ná. Eléyìí kì í lé èèyàn. Bí ẹ bá ní kí n dìde nísinsìnyí, yóò dúró dè mí títí di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀." Mo jókòó tì í láti wò ó, ohun tí mo sì rí ni ó yí èrò mi padà.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ irú géèmù tí a ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ àti bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Kí kọ̀ǹpútà tó di ohun inú ilé, orí tábìlì ni irú eré yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson ṣe eré kan jáde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní Dungeons & Dragons. Àwọn ọ̀rẹ́ á jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan á máa pa ìtàn, àwọn yòókù á gbé àwọ̀ ẹlòmíràn wọ̀: ọ̀kan á di jagunjagun, ọ̀kan á di oṣó, ọ̀kan á di olè. Ibi tí ìtàn bá dé, wọn á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọn á sì da dáìsì láti mọ̀ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i.

Àwọn ọ̀dọ́ ni ó gbé eré náà sórí kọ̀ǹpútà. Richard Garriott ṣì wà ní ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì ní Texas nígbà tí ó ti ń kọ géèmù tirẹ̀. Ní 1981 ni Ultima rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ní ọdún kan náà ni Wizardry, iṣẹ́ Andrew Greenberg àti Robert Woodhead, jáde pẹ̀lú. Ẹ̀ka kejì ni ti ètò ogun, níbi tí ènìyàn kì í ti í ṣe arìnrìn-àjò nìkan, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ olórí tí ń kọ́ ìlú, tí ń kó ọmọ-ogun jọ, tí ó sì ń ṣọ́ owó ná. Ilé-iṣẹ́ Jon Van Caneghem, New World Computing, ṣe King's Bounty jáde ní 1990. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti bí Heroes of Might and Magic ní 1995, ẹ̀kẹta rẹ̀ sì jáde ní 1999. Ẹ̀kẹta yìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ta ní ọjọ́ náà. Ó ti dàgbà ju òun fúnra rẹ̀ lọ, síbẹ̀ àwọn ènìyàn káàkiri ayé ṣì ń ta á, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sì ń kọ́ ìlú tuntun kún un láìgba kọ́bọ̀.

Ìdí kìíní tí mo fi gbè sẹ́yìn àwọn géèmù yìí ni èyí tí mo ti mẹ́nu bà, pé wọ́n ń dúró. Wo ayò ọlọ́pọ́n tí a mọ̀. Ilé méjìlá ni ó wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò sì jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Àwọn òǹwòran lè máa pariwo bí ó ti wù wọ́n, ọpọ́n kò sáré lọ síbì kankan. Ọ̀ta á ka ọmọ inú ilé, á ro ibi tí títa yóò parí sí, á sì ro ohun tí ẹnìkejì yóò fi dá a lóhùn, kí ó tó na ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Heroes rí. Bí títa bá kàn ọ́, ó kàn ọ́ náà ni. Kò sí aago tí ń lé ọ. O lè fi wákàtí kan ro ìgbésẹ̀ ẹyọ kan. O lè fi géèmù pamọ́, kí o lọ sí ilé ìjọsìn, kí o lọ fọ aṣọ, kí o ka ìwé rẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí o sì padà wá bá a níbi tí o fi í sí. Ọ̀tá kankan kò ní í wọ ìlú rẹ nígbà tí o kò sí ńlé. Nínú Baldur's Gate, tí ilé-iṣẹ́ BioWare ti ilẹ̀ Kánádà ṣe jáde ní 1998, ìjà a máa lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá tẹ bọ́tìnnì gígùn tí ó wà nísàlẹ̀, gbogbo ayé á dúró jẹ́ẹ́ títí o ó fi pàṣẹ fún ẹni kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ rẹ.

Má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Ẹni tí ó bá ṣe géèmù tí ń lé ènìyàn, owó ni ó fi ń pa nídìí rẹ̀. Bí fóònù bá ti ń pè ọ́ lọ́sàn-án àti lóru, tí ó mú kí o dúró pẹ́ fún ohun tí ó lè ṣe ní kíákíá, tí ó sì sọ fún ọ pé owó díẹ̀ ni yóò mú ìdúró náà kúrò, sùúrù rẹ ni ó ń tà fún ọ. Àwọn géèmù àtijọ́ kò ní irú ète bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a ṣe wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni à ń ra géèmù, bí ẹni ra ìwé. Yálà o ta á lónìí tàbí o kò ta á, ẹni tí ó ṣe é ti gba owó rẹ̀ tán, kò sì ní ìdí láti máa fa ẹ̀wù rẹ.

Ìdí kejì ni pé wọ́n ń kọ́ ènìyàn ní ìṣirò àti yíyan ohun tí ó yẹ. Jẹ́ kí n fi ohun tí ó wà nínú ìwé àjákọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe àpẹẹrẹ. Nínú Heroes kẹta, ohun ìní méje ni olórí ń ṣọ́: wúrà, igi, òkúta irin, mákúrì, imí ọjọ́, kírísítálì àti òkúta olówó iyebíye. Títa kan jẹ́ ọjọ́ kan, ọjọ́ méje sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ilé ẹyọ kan péré ni o lè kọ́ ní ìlú kan lóòjọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbọ̀ngàn abúlé ń mú 500 wúrà wọlé lóòjọ́. Bí o bá ná 2,500 lé e lórí, yóò di ilé tí ń mú 1,000 wọlé. Bí o bá tún ná 5,000, yóò di 2,000. Bí o bá ná 10,000, yóò di 4,000. Ìwọ náà mú pẹ́ńsù, kí o ṣírò rẹ̀. Ìwọ yóò rí i pé ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọjọ́ márùn-ún gééré ni owó tí o ná fi ń padà wọlé. Èrè ni gbogbo èyí tí ó bá tẹ̀lé e.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ìṣirò ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n 2,500 yẹn kan náà ni o lè fi gba ọmọ-ogun kún ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lọ lé àwọn tí ń ṣọ́ ibi ìwakùsà wúrà kúrò, ibi tí ń mú 1,000 wọlé lóòjọ́. Bí wọ́n bá ṣẹ́gun, o ti jèrè ju ti ẹni tí ó kọ́ gbọ̀ngàn lọ. Bí wọ́n bá kú, o ti pàdánù ọmọ-ogun àti owó, ọ̀tá sì wà lọ́nà. Ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀ sì ni àwọn ọmọ-ogun tuntun máa ń jáde. Ẹni tí ó bá ná owó rẹ̀ tán ní ọjọ́ keje yóò dé ọjà lọ́wọ́ òfo. Ohun tí àwọn olùkọ́ ètò ọrọ̀ ajé ń sọ fún wa pé bí a bá fi owó ra ohun kan, ohun mìíràn tí a lè fi rà ni a ti yọ̀ǹda, ojú ọmọ yẹn ni ó ti rí i kedere ní ọjọ́ náà. N kò sọ pé géèmù ni ó mú kí ó mọ ìwé. Ìwé kíkà nìkan ni ó ń mú ènìyàn mọ ìwé. Ohun tí mo sọ ni pé ọpọlọ tí ó ń ṣiṣẹ́ nígbà eré kò ní í di aláìmọ̀kan nígbà iṣẹ́.

Ìdí kẹta ni ìwà. Àwọn tí kò mọ géèmù àtijọ́ rò pé pípa ni gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n lọ wo Ultima kẹrin, tí Garriott ṣe jáde ní 1985. Kò sí ọba ibi kan níbẹ̀ tí a ó pa kí eré tó parí. Iṣẹ́ tí a gbé lé arìnrìn-àjò lọ́wọ́ ni pé kí ó di ènìyàn rere nípa ìwà mẹ́jọ: òtítọ́, àánú, ìgboyà, ìdájọ́ òdodo, ìfara-ẹni-jìn, ọlá, ìfọkànsìn àti ìrẹ̀lẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí ó le láti dáhùn ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, níbi tí o ti gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú ìwà rere méjì. Ní ilé àwọn tí ń ta ewé àti egbò, afọ́jú ni ẹni tí ń tajà. Yóò ní kí ìwọ fúnra rẹ san iye tí ó yẹ. Bí o bá san díẹ̀, kò ní í mọ̀, ọjà á sì tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n géèmù ti rí ọ. Kò ní í pariwo, kò ní í bú ọ. Ìwà òtítọ́ rẹ ni yóò dínkù ní ìkọ̀kọ̀, ìwọ yóò sì wá rí èso rẹ̀ nígbà tí o bá fẹ́ parí ìrìn-àjò rẹ. Mo bi ọ́, ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí o fẹ́ jókòó sí gbọ̀ngàn ìdánwò: ta ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ yìí yé ju ìwọ lọ? Olùṣọ́ ìdánwò lè má wo ọ̀dọ̀ rẹ ní ìṣẹ́jú tí ẹnì kan na ìwé sí ọ. Ṣé nítorí pé kò rí ọ ni o kò fi ní í gbèsè?

Nínú Baldur's Gate pẹ̀lú, orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Bí ìwà rẹ bá dára, ọjà á dínwó fún ọ. Bí ó bá burú, àwọn oníṣòwò á bù lé e, ẹ̀ṣọ́ ìlú á sì máa wá ọ. Bí o bá kó ènìyàn rere àti ènìyàn búburú pọ̀ sínú ẹgbẹ́ kan, ìjà á bẹ́ láàárín wọn. Ènìyàn márùn-ún ni o lè mú dání, ìwọ ni ìkẹfà, o sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí o ń bá rìn.

Ìdí kẹrin ni owó. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Heroes kẹta kò bèèrè ju ẹ̀rọ tí agbára ìrántí rẹ̀ jẹ́ 32 MB lọ nígbà tí ó jáde. Kò sí kọ̀ǹpútà àlòkù tí ń bẹ lọ́jà lónìí tí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí géèmù bá ti wà lórí ẹ̀rọ rẹ, kò ní í jẹ dátà rẹ. Ènìyàn méjì tún lè fi kọ̀ǹpútà ẹyọ kan ta á, tí ọ̀kan á dìde fún èkejì bí títa bá ti kàn án. Fún ẹni tí kò sì ní owó rárá, The Battle for Wesnoth wà, tí David White bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn ni ó ń tọ́jú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò pè ọ́ ní olè nítorí pé o gbà á. Àwọn ọmọ-ogun kan níbẹ̀ a máa fi ìdá mẹ́rin lágbára sí i ní ọ̀sán, wọn a sì fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ sílẹ̀ ní òru; àwọn mìíràn sì jẹ́ òdìkejì wọn. Nítorí náà, ẹni tí kò bá mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun jà àti ìgbà tí ó yẹ kí òun fà sẹ́yìn kò ní í pẹ́ bá a débì kankan.

Wàyí o, ẹnu àwọn alátakò kò dí. Ẹ̀sùn kìíní wọn ni pé géèmù àtijọ́ náà ń jẹ àkókò. Òótọ́ ni, n kò sì ní í jiyàn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ọjọ́ kan sí i, màá sùn," títí àkùkọ fi kọ. Ní òwúrọ̀, ó sùn lọ fọnfọn, ó sì pàdánù ẹ̀kọ́ àtúnyẹ̀wò ìṣirò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìyàtọ̀. Nígbà tí mo fi òfin lélẹ̀ pé alẹ́ ọjọ́ Sátidé nìkan ni, fún wákàtí méjì, géèmù náà kò bá mi jà. Kò pè é ní ọjọ́ Ajé, kò sì halẹ̀ mọ́ ọn ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀. Ohun tí ó lè dúró ni a lè fi òfin dè. Ti orí fóònù ti àkọ́kọ́, bí a bá fi òfin dè é, ìyà ni ó fi ń jẹ ẹni tí ó pa òfin mọ́.

Ẹ̀sùn kejì ni pé iṣẹ́ òkùnkùn ni, nítorí pé oṣó, ẹ̀mí èṣù àti egungun òkú tí ń rìn wà nínú wọn. Ìtàn àròsọ ni gbogbo rẹ̀. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ó jáde ní 1938, kún fún iwin àti ẹ̀dá abàmì, síbẹ̀ ilé-ìwé ni a ti ń kà á, kò sì sí ẹni tí ó kà á tí ó di iwin. Ohun tí ó yẹ kí a máa bèèrè lọ́wọ́ ìtàn ni ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ kọ́ wa. Síbẹ̀síbẹ̀, bí ẹ̀sìn ilé yín kò bá gbà á, bọ̀wọ̀ fún àwọn òbí rẹ. Géèmù kò tó ohun tí a ń torí rẹ̀ bá òbí jà.

Ẹ̀sùn kẹta ni pé àwòrán wọn kò lẹ́wà, ọ̀rọ̀ kíkà sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní ti àwòrán, ẹwà ènìyàn kọ́ ni ìwà rẹ̀. Ní ti ọ̀rọ̀, ibẹ̀ gan-an ni èrè wà fún akẹ́kọ̀ọ́. Planescape: Torment, tí ó jáde ní 1999, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwé ìtàn tí a ń rìn nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ni a fi ń borí níbẹ̀ ju idà lọ. Ẹni tí ó bá ń fo ìlà kò ní í mọ ọ̀nà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, èyí tí ìwọ náà yóò ṣe ìdánwò lé lórí. Bí o bá fi ìwé atúmọ̀-èdè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ, eré àti ẹ̀kọ́ ti pàdé.

Bí o bá wá gbà pẹ̀lú mi, má ṣe kó gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ kan kì í gbá ẹyin méjì mú. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Wesnoth, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, yóò sì fi hàn ọ́ bóyá o ní sùúrù fún irú eré yìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí o lọ sí Heroes kẹta. Bí o bá fẹ́ rà á, ẹ̀dà tí a ń pè ní Complete ni kí o wá, èyí tí àfikún rẹ̀ méjèèjì wà nínú rẹ̀. Àwòrán ẹ̀dà tí wọ́n tún ṣe ní 2015 mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn àfikún náà kò sí nínú rẹ̀. Bí o bá fẹ́ ìtàn, Baldur's Gate ni kí o tẹ̀lé. Fi Ultima kẹrin sí ìkẹyìn, nítorí pé ó ti pẹ́ jù wọ́n lọ, ojú rẹ̀ sì le. Tí ìdánwò bá ku oṣù méjì, fi gbogbo wọn pamọ́. Ìgbà yẹn ni ìwọ yóò mọ̀ bóyá ìwọ ni o ni géèmù ni tàbí géèmù ni ó ni ọ́.

Ní ìparí, kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ilé-ìwé di ilé géèmù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe ìdánwò rẹ̀, ó ti yege, ó sì ti lọ. Ohun tí ó fi sílẹ̀ fún mi ni ìwé àjákọ kan tí ìṣirò gbọ̀ngàn àti ibi ìwakùsà kún inú rẹ̀, àti ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá kan tí ó fi owó ara rẹ̀ rà padà lẹ́yìn ọdún kan. Mo fi àwọn méjèèjì sórí àga kan náà. Ìka kò dọ́gba, géèmù náà kò sì dọ́gba. Òmíràn wà tí ó jẹ́ olè tí ń kan ilẹ̀kùn lóru; òmíràn sì wà tí ó jẹ́ ọpọ́n ayò tí ó jókòó sábẹ́ igi, tí ó ń dúró de ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tán. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, lọ ṣe iṣẹ́ rẹ tán. Ọpọ́n kò ní í sá lọ.